Igi eléso lẹ́yìnkùlé: ẹ wo ìdí igi, ẹ má wo ewé nìkan

Ọ̀rọ̀ tí àdímíìnì sọ nínú fóìsì méje lọ́jọ́ Àìkú. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè gbọ́ ọ àti àwọn tí dátà wọn ti tán. Ẹ lè fi ránṣẹ́ sílé.

Fóìsì kìíní

   

Ìyá wa kan fi fọ́tò ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sílé ránṣẹ́ síbí lọ́jọ́ Ẹtì. Gbogbo wa la bá wọn yọ̀. Ìbéèrè tí wọ́n bi wá lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí n gbé fóònù lónìí. Wọ́n ní ilẹ̀ ṣẹ́ kù lẹ́yìnkùlé, ṣé káwọn da kọnkéré sí gbogbo ẹ̀ ni àbí káwọn gbin igi eléso, igi wo ló sì dáa. Ẹnì kan ní máńgòrò. Ẹnì kan ní ọsàn. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbin ogún igi kí wọ́n máa tà á. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju kéèyàn tẹ ìdáhùn kan lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra igi ọsàn mẹ́ta ní Ìbàdàn, mo gbé wọn lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo gbìn wọ́n sẹ́yìnkùlé, mo ní kí àbúrò mi máa tọ́jú wọn, mo sì padà sí Port Harcourt. Lẹ́ẹ̀rùn àkọ́kọ́, ewúrẹ́ wọlé, ó jẹ orí méjì nínú wọn. Nígbà tí òjò padà dé, àwọn igi náà rú. Àbúrò mi ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́, ewé tútù yọ̀yọ̀. Inú mi dùn. Mo fi owó ajílẹ̀ ránṣẹ́. Àwọn méjì tí ewúrẹ́ jẹ yìí tiẹ̀ wá ń ga ju ẹ̀kẹta lọ, gbogbo ilé ń yìn wọ́n. Nígbà tó di ọdún karùn-ún, wọ́n so. Àbúrò mi bó ọ̀kan, ó fi sẹ́nu, ó tu ú dànù. Èèpo ẹ̀ rí kúnkùnkún, ó kan gógó. Lẹ́mọ́ọ̀nù ni.

Mo pe ẹni tó ta igi fún mi, mo sọ̀rọ̀ sí i bó ṣe wù mí. Mo ní ó lu mí ní jìbìtì. Ó gbọ́ tèmi tán, ó wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ewúrẹ́ jẹ ẹ́ rí?" Mo ní kí ni ti ewúrẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó wá là mí lóye. Ó ní igi méjì ló wà nínú igi ọsàn tí mo rà. Ìdí ẹ̀ jẹ́ lẹ́mọ́ọ̀nù, torí gbòǹgbò lẹ́mọ́ọ̀nù lágbára. Òkè ẹ̀ ni ọsàn dídùn, wọ́n lọ́ ọ mọ́ ìdí yẹn ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka Bíbélì, ọ̀rọ̀ "lọ́" yìí wà nínú ìwé Róòmù orí 11. Ewúrẹ́ ti jẹ ọsàn, lẹ́mọ́ọ̀nù ló kù nílẹ̀, òun ló rú, òun là ń bomi rin. Igi kẹta tí ewúrẹ́ ò jẹ so ọsàn tó dùn bí oyin lọ́dún yẹn kan náà. Mo pe ọkùnrin náà padà, mo bẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ nìyí. Tá a bá ra ọjà tí kò dáa, láàárín ọ̀sẹ̀ kan a ti mọ̀, a sì lè dá a padà. Àṣìṣe igi kì í hàn títí ọdún márùn-ún, kò sì sẹ́ni tó máa dá ọdún márùn-ún padà fún wa. Torí ẹ̀, ká tó gbẹ́ kòtò ni iṣẹ́ pọ̀ jù. Igi gaǹgàǹran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Fóìsì kejì

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ta ló ni ilẹ̀ náà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ háyà ilé ní Diobu tàbí ibòmíì níhìn-ín, ẹ má gbin ọsàn tàbí píà sí ilẹ̀ onílé láìsọ fún un. Àwa Yorùbá gan-an mọ ọ̀rọ̀ yìí. Nílé wa, ẹni tí wọ́n yá nílẹ̀ oko lè gbin iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́. Tó bá fẹ́ gbin obì, kòkó tàbí ọsàn, ó gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ìdí ni pé igi máa ń pẹ́, tó bá sì pẹ́, ẹni tó gbìn ín lè wá sọ pé òun ló ni ilẹ̀. Tó o bá gbin igi sílẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni, onílé á rò pé o ní nǹkan míì lọ́kàn. Lọ́jọ́ tí ìjà bá dé, igi yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ gé.

Àwọn àgbà inú wa tí òbí wọn gbé Gánà rí ò nílò kí n ṣàlàyé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn oníṣòwò Yorùbá pọ̀ nínú wọn, láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò, Ṣakí, Ìlọrin. Owó díẹ̀ àti ẹrù díẹ̀ ṣeé kó sínú ọkọ̀. Igi ò ṣeé hú dání. Mi ò sọ pé irú ẹ̀ máa ṣẹlẹ̀ níhìn-ín o, ọmọ Nàìjíríà ni gbogbo wa. Ohun tí mò ń sọ ni pé ibi tó dá wa lójú la ti ń gbin ohun tó máa pẹ́.

Ẹni tó bá háyà ilé, gbin ohun tó ṣeé gbé lọ. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n lọ́ máa ń so nínú ike ọ̀dà ńlá, tí ẹ bá ti lu ihò sí ìdí ike náà. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà ń ṣe dáadáa nínú ike. Tí onílé bá gbà, ìbẹ́pẹ kì í tó ọdún kan kó tó so, ẹ ti jẹ nínú ẹ̀ kí owó ilé míì tó pé.

Ẹni tó bá ra ilẹ̀ síhìn-ín, ní Ìgwúrúta tàbí Àlúù, ẹ jẹ́ kí ìwé ilẹ̀ àti ìwọ̀n ilẹ̀ pé kí igi tó wọlẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ẹbí ló kọ́lé sí, ẹ pe àwọn àgbà ilé kẹ́ ẹ tó gbin nǹkan sí ẹ̀bá ààlà. Ẹnu làá fi ń yanjú ẹ̀ lónìí, lọ́jọ́ iwájú ó lè di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá.

Nǹkan kan tún wà. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 sọ pé tí ìjọba bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn torí iṣẹ́ ìlú, bí ọ̀nà, ohun ọ̀gbìn tó wà lórí ilẹ̀ náà wà lára ohun tí wọ́n máa sanwó lé. Torí náà, ẹ máa ya fọ́tò igi yín lọ́dọọdún, kẹ́ ẹ sì tọ́jú rìsíìtì.

Fóìsì kẹta

Ìbéèrè kejì: igi wo, níbo?

Ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ pé máńgòrò Port Harcourt kì í so bíi ti ilé, pé bóyá ilẹ̀ ibí ló burú. Òjò ni. Òjò tó ń rọ̀ ní Port Harcourt lọ́dún ju mìlímítà 2,000 lọ. Ti Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ nǹkan bí 1,200. Máńgòrò fẹ́ ẹ̀rùn tó gbẹ dáadáa kó tó yọ òdòdó, tí òdòdó bá sì yọ, kò fẹ́ kí òjò máa pa á. Tí òjò bá ń pa á, àrùn kan á mú un, á dúdú, á rẹ̀ dànù. Ìdí nìyẹn tí máńgòrò ibí fi máa ń ní ewé dáadáa ṣùgbọ́n tí èso ẹ̀ ò tó nǹkan.

Ẹ wo àyíká yín, àwọn igi tó mọ ibí dáadáa wà. Ube tí àwọn ará ibí fi ń jẹ àgbàdo wà. Àgbálùmọ̀, tí wọ́n ń pè ní údárà, wà. Òro tí a ń fi èso ẹ̀ se ọbẹ̀ àpọ̀n wà. Àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, píà, ìbẹ́pẹ àti gúáfà náà wà. Àwọn wọ̀nyí ni kí ẹni tó nílẹ̀ síhìn-ín gbìn. Ẹ rántí pé ní ọ̀pọ̀ ilé Ígbò, wọn kì í ká údárà lórí igi, ó gbọ́dọ̀ fúnra ẹ̀ já bọ́. Tí ọmọ aládùúgbò bá wá ṣa èyí tó bọ́ sílẹ̀, ẹ má fìyẹn ṣe ìjà.

Ẹ̀yin tó jẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìṣẹ́yìn lẹ̀ ń kọ́lé sí, máńgòrò àti kajú lọba níbẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, Oǹdó, Èkìtì àti apá Ọ̀ṣun tó ní igbó, ọsàn, àgbálùmọ̀ àti píà bá ilẹ̀ yín mu. Ọsàn ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà, ó kàn fẹ́ omi lẹ́ẹ̀rùn ni. Tí ẹ ò bá mọ èyí tẹ́ ẹ máa mú, ẹ rìn yíká àdúgbò, ẹ wo igi tó ti dàgbà tó sì ń so dáadáa, ẹ bèèrè lọ́wọ́ onílé náà. Igi aládùúgbò ò ní purọ́ fún yín.

Ẹ wá wo ti àsìkò. Àwa oníṣòwò mọ̀ pé ọjà tó ń yá wà, ọjà tó ń pẹ́ wà, àwọn méjèèjì la máa ń kó pọ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù. Ìbẹ́pẹ kì í tó ọdún kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bí ọdún kan. Gúáfà, ọdún méjì sí mẹ́ta. Ọsàn àti máńgòrò tí wọ́n lọ́, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Tó bá jẹ́ kóró lẹ gbìn, ọdún mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbálùmọ̀ tí wọ́n fi kóró gbìn lè tó ọdún méje kó tó so. Ẹ pa wọ́n pọ̀. Tí àwọn ará ilé bá ti ń rí ìbẹ́pẹ jẹ lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n á lè máa bomi rin ọsàn tó kù. Ebi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọdún mẹ́rin sin igi tí kò fún un ní nǹkan kan.

Fóìsì kẹrin

Ìbéèrè kẹta: igi mélòó?

Ẹ jẹ́ ká fi ilẹ̀ ìyá wa yẹn ṣe àpẹẹrẹ. Pílọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 50 ní fífẹ̀, 100 ní gígùn. Ilé àti iwájú ilé gba 60 nínú 100 yẹn. Ẹ̀yìnkùlé tó kù jẹ́ 50 sí 40. Tẹ́ ẹ bá dúró síbẹ̀, ó máa dà bíi pé ó tóbi gan-an. Igi ọsàn tó bá dàgbà fẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20 láàárín òun àti ẹnì kejì. Ó fẹ́ bíi 10 sí fẹ́ǹsì, bíi 13 sí ògiri ilé.

Ẹ mú tépù. Igi kìíní: ẹ wọn ẹsẹ̀ bàtà 10 láti fẹ́ǹsì ẹ̀yìn, 12 láti fẹ́ǹsì ọ̀tún, ẹ ri igi ìṣàmì mọ́lẹ̀. Igi kejì: 10 láti fẹ́ǹsì ẹ̀yìn, 12 láti fẹ́ǹsì òsì. Ẹsẹ̀ bàtà 26 á wà láàárín wọn. Igi kẹta: ẹ dúró sáàárín ilẹ̀ gan-an, ẹsẹ̀ bàtà 27 láti fẹ́ǹsì ẹ̀yìn. Ó kù 13 kó dé ògiri ilé, ó sì tó 21 sí àwọn méjì tó kù. Ilẹ̀ ti kún nìyẹn. Igi mẹ́ta. Ẹni tó ní ogún igi, ẹ má bínú sí mi o.

Mo mọ̀ pé ó máa dà bíi pé ilẹ̀ ń ṣòfò lọ́dún àkọ́kọ́, torí igi náà ò ju orúnkún lọ. Àárín wọn lẹ máa gbin ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí, kẹ́ ẹ to ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí ẹ̀bá fẹ́ǹsì. Nígbà tí igi ńlá bá fi máa fẹ́ àyè, ìbẹ́pẹ ti gbó, ẹ ti lè hú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò. Tẹ́ ẹ bá kó ogún igi ńlá síbẹ̀, wọ́n á máa lé oòrùn mọ́ra wọn lọ́wọ́, wọ́n á ga gọgọrọ, orí nìkan ni wọ́n á máa so sí, kò sẹ́ni tí ọwọ́ ẹ̀ máa tó o.

Máńgòrò ìbílẹ̀ tí wọ́n fi kóró gbìn lè fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 30 sí 40. Ọ̀kan ṣoṣo ló gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé yẹn. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sílé tó 30. Ẹ má gbin igi ńlá kankan sẹ́gbẹ̀ẹ́ soakaway tàbí kànga. Gbòǹgbò ń wá omi kiri, kò mọ̀ pé bílọ́ọ̀kù lo fi owó rà. Ẹ tún wo òkè, ṣé wáyà iná ò kọjá níbẹ̀? Tó bá kọjá níbẹ̀, àwọn oníná á gé orí igi yẹn lọ́jọ́ kan, bó ṣe wù wọ́n ni wọ́n sì máa gé e.

Fóìsì karùn-ún

Ó wá ku rírà àti gbígbìn.

Ẹ má ra igi lójú pópó torí pé ewé ẹ̀ dára. Ẹ tẹ̀ ba, ẹ wo ìdí ẹ̀. Igi tí wọ́n lọ́ ní oríkèé kan, ìwọ̀n bí ìka mẹ́fà sí méjìlá sókè ilẹ̀, níbi tí igi méjì ti pàdé. Ó máa ń wú díẹ̀ tàbí kó wọ́ díẹ̀, èèpo òkè àti ti ìsàlẹ̀ lè má bára mu. Igi tó bá dán gbọnrangandan láti ilẹ̀ dókè, kóró ni wọ́n fi gbìn ín, ohun yòówù kí ẹnu ọlọ́jà sọ. Tó bá jẹ́ ọsàn, ẹ bèèrè orúkọ. Agege Sweet wà lára àwọn tí wọ́n mọ̀ dáadáa nílẹ̀ wa.

Ibi tó ṣeé fọkàn tán wà. NIHORT tó wà ní Ìdí-Ìṣìn, Jẹ́ríkò, Ìbàdàn, láti 1975 ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí èso àti ẹ̀fọ́. Wọ́n ní ẹ̀ka sí Mbato nítòsí Òkìgwè, ìyẹn ò jìnnà sí wa níhìn-ín. Ẹni tó bá fẹ́ àgbọn tàbí ọ̀pẹ, NIFOR lẹ́bàá Benin City ni kó lọ.

Àsìkò gbígbìn ò dọ́gba. Níhìn-ín, oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún dáa, kí òjò oṣù keje tó bẹ̀rẹ̀ sí í kún ilẹ̀. Nílé, ní apá Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ dúró kí òjò fẹsẹ̀ múlẹ̀, oṣù karùn-ún sí ìkẹfà. Igi náà á ní títí di oṣù kẹwàá láti ta gbòǹgbò kí ẹ̀rùn tó dé. Ẹni tó bá gbin igi nígbà Iléyá tàbí Kérésì torí pé ìgbà yẹn ló ráyè wá sílé, kó kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run. Tí ìsinmi bá bọ́ sínú ẹ̀rùn, kí ó gbẹ́ kòtò sílẹ̀, kí ẹni tó wà nílé wá gbìn ín tí òjò bá dé.

Kòtò: ẹsẹ̀ bàtà méjì níbùú, méjì lóòró, méjì nísàlẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ dúdú tòkè, ẹ kó o sọ́tọ̀. Iyẹ̀pẹ̀ pupa tìsàlẹ̀, ẹ kó o sọ́tọ̀. Ẹ fi kòtò náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ po iyẹ̀pẹ̀ dúdú mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa. Èyí tó ṣì ń rùn tó sì ń gbóná á jó gbòǹgbò. Ẹ ya ọ̀rá kúrò o! Mo ti rí igi ọdún méjì tí wọ́n hú tí ọ̀rá ṣì wà nídìí ẹ̀, gbòǹgbò ti wé mọ́ra bí okùn. Ẹ gbin igi náà kó dọ́gba pẹ̀lú bó ṣe wà nínú ọ̀rá, kí oríkèé yẹn wà lókè ilẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bo oríkèé mọ́lẹ̀, ẹ ti ba owó yín jẹ́.

Níbí yìí, omi kì í jìnnà nílẹ̀, torí náà ẹ ṣe ebè gbẹndu, ẹ gbin igi sórí ẹ̀, kí omi má bàa dúró sí i nídìí. Nílé, òdìkejì ẹ̀ lẹ máa ṣe: ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ yí ìdí ẹ̀ ká bí àwo, kí omi lè dúró. Ẹ da koríko gbígbẹ lé e, ṣùgbọ́n kó jìnnà sára igi ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, torí ikán.

Fóìsì kẹfà

Ibí yìí ló kàn wá jù, àwa tá a wà lẹ́yìn odi. Tá a bá ti padà sí Port Harcourt, ta ló máa tọ́jú ẹ̀? A lè fi owó ránṣẹ́ láti ibí, a ò lè fi omi ránṣẹ́.

Ẹ̀rùn méjì àkọ́kọ́ ló máa ń pa igi. Kí ẹnì kan pàtó máa bu omi garawa kan fún igi kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, láti oṣù kọkànlá títí òjò á fi dé. Mo ní ẹnì kan pàtó. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá fi lé gbogbo ilé lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò ní ṣe é. Ẹ fún ẹni náà ní nǹkan lóṣooṣù, bó ti wù kó kéré mọ, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé èso àkọ́kọ́ tiẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ ìyá yín tó ti dàgbà ni, ẹ má gbé garawa omi fún wọn, ẹ wá ọmọ ilé ìwé kan ládùúgbò.

Ẹ fi ọgbà yí igi kọ̀ọ̀kan ká torí ewúrẹ́, ì báà ṣe imọ̀ ọ̀pẹ tàbí páànù àtijọ́. Ẹ ti gbọ́ ìtàn tèmi. Ẹ ro ìdí ẹ̀ kó mọ́ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta yíká kí iná ìgbẹ́ má bàa dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn.

Ní ti fọ́tò, àbúrò mi ò purọ́ fún mi. Ohun tí mo ní kó yà ló yà. Èmi ni mi ò mọ ohun tó yẹ kí n bèèrè. Ní báyìí, fọ́tò mẹ́ta ni mo máa ń gbà lóṣooṣù. Ti àkọ́kọ́, ìdí igi, kó tẹ̀ ba, kí oríkèé hàn ketekete. Èèhù tó bá yọ lábẹ́ oríkèé yẹn, lẹ́mọ́ọ̀nù ni, kó fi ọwọ́ ya á kúrò lójú ẹsẹ̀. Ti kejì, abẹ́ ewé, torí abẹ́ ewé ni kòkòrò ń sá sí. Ti kẹta, igi lódindi, kí èèyàn dúró tì í ká lè mọ bó ṣe ga tó. Tẹ́ ẹ bá rí i pé gbogbo ohun tó wà lókè oríkèé ti kú, ẹ má tan ara yín, ẹ hú u, ẹ ra òmíràn lọ́dún yẹn. Ọdún kan lẹ pàdánù. Èmi pàdánù márùn-ún.

Ajílẹ̀ ò le. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ìgbẹ́ adìẹ tó jẹrà tàbí ẹ̀kúnwọ́ NPK díẹ̀, kó fọ́n ọn yíká abẹ́ ẹ̀ka níbi tí òjì ẹ̀ dé, kì í ṣe ìdí gan-an. Ẹnu gbòǹgbò ò sí nídìí igi. Níhìn-ín tí òjò ti fọ ilẹ̀, eérú igi ìdáná dáa láti fọ́n sí i díẹ̀díẹ̀.

Gígé ẹ̀ka: kékeré la ti ń pa ẹ̀kan ìrókò. Ẹ gé ẹ̀ka tó kú àti èyí tó ń há mọ́ra lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá kórè tán, kì í ṣe ìgbà òdòdó. Tẹ́ ẹ bá rí àfòmọ́ lórí ọsàn, ẹ má fọwọ́ ya ewé ẹ̀ lásán. Ẹ gé ẹ̀ka tó wà lórí ẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, torí gbòǹgbò ẹ̀ ti wọnú igi. Ẹyẹ ló ń gbé e kiri. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe àgbo, kó mú un lọ.

Fóìsì keje

Mi ò ní pẹ́ mọ́, mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń wo aago.

Ẹnì kan bi mí pé igi òun níhìn-ín dúdú lára ewé, pé èéfín Port Harcourt ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, láti ìparí 2016 ni gbogbo wa ti ń nu èéfín dúdú lórí ọjà. Ẹ fọwọ́ kàn án. Tó bá kàn jẹ́ lúúlúú dúdú tí òjò ń fọ̀, èéfín ni. Tó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tí èèrà sì ń rìn lórí ẹ̀, ẹ yí ewé padà, kòkòrò funfun bí òwú ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ó ń mu omi ewé, ó ń tọ ohun tó dà bí omi ṣúgà jáde, èbu dúdú á wá hù lórí ẹ̀.

Irú kòkòrò yẹn kan wọ Gánà, Tógò àti Benin láti Éṣíà ní nǹkan bí 1981 sí 1982, ó sì dé Nàìjíríà náà. Máńgòrò di dúdú káàkiri, kò so mọ́. Ṣé ẹ mọ ohun tó yanjú ẹ̀? Àwọn onímọ̀ lọ sí Íńdíà, wọ́n wá agbọ́n kékeré kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, tó jẹ́ pé inú kòkòrò yẹn ló ń yé ẹyin sí. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní Tógò lọ́dún 1987, ní Benin lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó ń pa wọ́n títí máńgòrò fi padà ń so. Torí náà, ẹ má máa da oògùn ẹ̀fọn sórí igi eléso. Ọ̀rẹ́ yín ló máa kọ́kọ́ pa, èso tẹ́ ẹ máa jẹ sì ni oògùn náà máa wà lára ẹ̀. Omi ọṣẹ díẹ̀ lábẹ́ ewé ti tó fún igi kékeré.

Èèrà pupa tó máa ń fi ewé hun ilé sórí máńgòrò náà, ó ń já wa jẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣèwádìí ní Benin rí i pé ó ń lé eṣinṣin tó ń yé ìdin sínú máńgòrò. Tí kò bá sí lójú ọ̀nà, ẹ fi í sílẹ̀. Èso tó bá já bọ́ tó ń jẹrà, ẹ ṣa á kíá, ẹ dì í sínú ọ̀rá dúdú, ẹ sá a sóòrùn. Tó bá wà nílẹ̀, ìdin inú ẹ̀ á di eṣinṣin tuntun.

Ìyá wa tó bi wá ní ìbéèrè, ìdáhùn mi rèé. Ẹ má da kọnkéré sí i. Ẹ gbin igi mẹ́ta tí wọ́n lọ́, kí ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà láàárín wọn. Ẹ wá ẹnì kan tí ẹ máa fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó ra ẹyọ igi kan. Èyí tẹ́ ẹ bá jẹ, tẹ́ ẹ fún aládùúgbò jẹ, tí ẹyẹ náà jẹ níbẹ̀, sàráà ni gbogbo ẹ̀.

Àwọn lẹ́mọ́ọ̀nù mi méjèèjì ṣì wà níbẹ̀ o. Mo fẹ́ gé wọn, ìyá mi ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé àwọn ará àdúgbò ń wá já a fún ikọ́. Mo ra ọsàn méjì mìíràn, wọ́n wà nínú ọgbà páànù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi fi fọ́tò ìdí wọn ránṣẹ́ kí n tó bèèrè.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè kó fi sílẹ̀ síbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí nígbà ọjà.